Ibi tí omi òjò dúró sí nínú mọ́tò kọ́ ló gbà wọlé

Bí onímọ́tò ṣe lè rí ojú ọ̀nà omi kó tó náwó sórí mọ́tò tó ń jò

Òjò tó bá rọ̀ di mọ́jú ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, níjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kàn. Awakọ̀ tó fẹ́ẹ́ kó èrò àárọ̀ lọ sí Èjìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ṣílẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, yóò gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, omi yóò sì ru sókè láti inú kápẹ́ẹ̀tì bí ìgbà téèyàn tẹ kànìnkànìn. Gbogbo gíláàsì wà ní títì, ilẹ̀kùn wà ní títì, òrùlé kò lu. Síbẹ̀, omi wọlé. Nígbà tí oòrùn bá ràn lọ́sàn-án, inú mọ́tò yóò máa rùn bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò sá, èrò tó bá wọlé yóò sì fọwọ́ bo imú. Bí ìyá ọlọ́jà bá gbé àpò ẹ̀lùbọ́ sínú búùtù, tí ìdí àpò náà rin kó tó dé ọjà, wàhálà di ti awakọ̀ nìyẹn.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé awakọ̀ yóò ra sílíkónì, yóò fi kun etí wínsíkírìn yíká. Bí òjò mìíràn bá rọ̀ tí omi tún wọlé, yóò kun etí ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ kejì, pánẹ́ẹ̀bítà yóò ní òrùlé ni, yóò jó o, yóò sì kùn ún lọ́dà. Owó ti jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi ò sì tíì dúró. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí kò dáa. Ibi tí kò bàjẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe.

Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń jò kò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí omi dúró sí kọ́ ló gbà wọlé. Omi lè wọlé lórí òrùlé, kó rìn lábẹ́ aṣọ òrùlé, kó gba inú òpó ẹ̀gbẹ́ wínsíkírìn sọ̀kalẹ̀, kó tọ wáyà dé abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kó tó wá dúró sídìí ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti ibi tó rin yóò kàn máa lépa òjìji ni. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí ibi tí omi gbà, owó kékeré ló sábà máa ń fi parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni

Nígbà kan, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ti ń dàgbà yóò tà á, yóò fi díẹ̀ kún owó rẹ̀, yóò sì ra tòkunbọ̀ mìíràn tó gba Kútọnu wọlé. Ọ̀nà yẹn ti há. Ìjọba àpapọ̀ kéde níparí ọdún 2016 pé láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2017, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà mọ́, àfi láti èbúté ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti máa dá iye rẹ̀. Dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 470 náírà lọ́jà ìjọba kó tó dìgbà yẹn ti kọjá 1,500 náírà nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi máa parí. Bẹ́ẹ̀, owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra tòkunbọ̀. Owó tó ń ra odindi mọ́tò tẹ́lẹ̀ kò wá ju owó ẹ́ńjìnnì àti táyà lọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé mọ́tò tó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ kan náà ló ń pẹ́ sí. Mọ́tò tó ń ná ọ̀nà Èjìgbò, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Ògbómọ̀ṣọ́, oko ni fún ẹni tó ni ín. Ọjọ́ tí kò bá jáde, kò sí ìkórè lọ́jọ́ náà. Omi tó ń dúró sínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, olú owó ló ń jẹ, kì í ṣe èrè nìkan.

Ti àwọn ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Abidjan, lórílẹ̀-èdè Ivory Coast, tún yàtọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ní mọ́tò sílé, tó jẹ́ pé ìgbà ọdún tàbí ìgbà ìnáwó nìkan ni wọ́n ń gùn ún. Mọ́tò tó bá dúró sábẹ́ igi máńgòrò fún oṣù mẹ́fà, ewé yóò ti kún gbogbo ibi tó yẹ kí omi gbà jáde lára rẹ̀. Olówó rẹ̀ yóò dé láti Abidjan, yóò rò pé ẹni tó ń ṣọ́lé ló ṣí gíláàsì sílẹ̀ fún òjò. Ewé ló dá a sílẹ̀.

Láyé Ìjàpá, ilẹ̀ mọ́tò ló ń jẹrà; lónìí, bíréènì bọ́ọ̀sì ló ń kú

Mọ́tò tó ń jò kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ l'Ékòó. Àwọn tó lo Peugeot 504 àti Volkswagen tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá mọ̀ pé bí omi bá pẹ́ nínú wọn, irin ilẹ̀ mọ́tò yóò dípẹtà, yóò sì lu. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà, nítorí náà ibi tí bátìrì jókòó lé gan-an ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Pánẹ́ẹ̀bítà yóò gé irin pelebe, yóò jó o mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ á parí.

Àwọn mọ́tò tó dé lẹ́yìn wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdì wáyà ńláńlá ló ń gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wọn kọjá, àwọn mìíràn sì wà tí àpótí kọ̀ǹpútà wọn jókòó sábẹ́ ẹsẹ̀ èrò. Àpẹẹrẹ tí àwọn rẹwáyà mọ̀ dáadáa ni Passat tí Volkswagen ṣe láti 1996 sí 2005. Inú gọ́tà kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni bátìrì rẹ̀ wà, ihò tí omi ń gbà jáde sì wà lábẹ́ bátìrì náà, níbi tójú kò tó. Bí ewé bá dí ihò yìí, gọ́tà yóò kún, omi yóò sì ya wọ ibi ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó níwájú, níbi tí kọ̀ǹpútà tó ń darí ilẹ̀kùn àti gíláàsì wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀kùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tì fúnra rẹ̀, gíláàsì yóò kọ̀ láti wálẹ̀, iná yóò máa tàn lójijì. Onímọ́tò yóò máa pààrọ̀ fíúsì kiri. Ewé ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan ló fa gbogbo rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń tan èèyàn jẹ ni pé kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ lójú kí abẹ́ rẹ̀ ṣì rin gbindin. Fóòmù tó nípọn wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó sì lè mu omi sára fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Òun ló ń bu, òun ló ń rùn, òun ló ń mú kí gíláàsì máa hu ìrì nínú láàárọ̀, òun náà ló ń jẹ irin ilẹ̀ mọ́tò díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó rí i.

Ṣé omi òjò ni lóòótọ́?

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ń jò, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú omi tó wà níwájú rẹ̀. Omi mẹ́ta ló lè dúró sínú mọ́tò.

Èkíní ni omi ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ẹ̀rọ yìí bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń yọ omi, rọ́bà kékeré kan ló sì máa ń gbé omi náà jáde sábẹ́ mọ́tò. Bí ẹrẹ̀ tàbí ìtẹ́ kòkòrò bá dí rọ́bà yìí, omi yóò padà sínú, yóò máa kán síbi ẹsẹ̀ èrò iwájú. Omi yìí mọ́ gaara, kò ní òórùn, ó sì máa ń jáde ní ọjọ́ tí oòrùn mú gan-an. Bí mọ́tò bá ń tutù dáadáa, àmọ́ tí omi kankan kì í kán sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èkejì ni omi rédíétọ̀. Rédíétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti òkè òkun wá, èyí tí wọ́n ń lò nígbà òtútù lọ́hùn-ún. Bó bá lu, omi rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ tàbí kó máa yọ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì máa ń fẹ́ẹ́ jọ ti ohun dídùn. Omi inú rédíétọ̀ ńlá náà yóò máa dínkù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sílíkónì rárá, mẹkáníìkì ló ni ín, kò sì yẹ kó pẹ́, torí ẹ́ńjìnnì lè gbóná jù.

Ẹ̀kẹta ni omi òjò. Ẹ̀yìn òjò tàbí ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá fọ mọ́tò nìkan ló ń yọjú. Bó bá jẹ́ òun ni, ìgbà náà ni iṣẹ́ ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí omi ń gbà

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti mọ́tò yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àwọn tó ṣe é ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi yóò wọ àwọn ibì kan lára rẹ̀. Mọ́tò kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n dé pinpin. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n la ọ̀nà fún omi láti jáde. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ihò tuntun ló là, ihò àtijọ́ ló dí.

Ilẹ̀kùn ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, omi máa ń bá ara gíláàsì wọnú ilẹ̀kùn. Àwọn ihò kéékèèké wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi yìí ń gbà jáde, náílọ̀nù tàbí ike kan sì wà lẹ́yìn pátákó ilẹ̀kùn nínú tí kì í jẹ́ kó ya wọ ibi ìjókòó. Bí rẹwáyà bá tú ilẹ̀kùn láti tún gíláàsì ṣe, tó ya náílọ̀nù yìí dànù torí pé ó ń dí i lọ́wọ́, omi ti ríbi wọlé nìyẹn. Golf tí wọ́n ń pè ní Golf 4, tó jáde lọ́dún 1997, àti Passat ìgbà náà ní ike ńlá kan nínú ilẹ̀kùn, tí gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ máa ń gbẹ bó bá pẹ́. Omi yóò máa gba ibẹ̀ dé ilẹ̀, onímọ́tò yóò sì máa pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà kejì ni gọ́tà abẹ́ wáípà, níbi tí bóńẹ́ẹ̀tì àti wínsíkírìn ti pàdé. Gbogbo omi tó ń ṣàn lórí wínsíkírìn ibẹ̀ ló ń lọ. Ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú mọ́tò ń gbà. Bí ewé bá dí ihò rẹ̀, tí omi sì kún, ihò afẹ́fẹ́ ni yóò bá wọlé. Ní agbègbè bíi Ifẹ̀-Ọ̀dàn, níbi tí ọyẹ́ ti ń kó eruku jọ kí òjò tó dé, eruku àti ewé yóò pò pọ̀ síbẹ̀ di ẹrẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ yóò sì bá gọ́tà tó ti dí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti mọ́tò tí apá kan òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Rọ́bà etí gíláàsì òrùlé náà kò lè dá gbogbo omi dúró, wọn ò sì ṣe é fún ìyẹn. Àwo tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà yíká abẹ́ rẹ̀ tó ń gba omi, àwọn rọ́bà tín-ín-rín tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin ló sì ń gba inú òpó iwájú àti ti ẹ̀yìn kó omi náà lọ sábẹ́ mọ́tò. Bí ọ̀kan bá dí tàbí tó yọ, omi yóò kún àwo náà, yóò sì dà sórí aṣọ òrùlé.

Ọ̀nà kẹrin ni wínsíkírìn, pàápàá èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ rí. Bí ẹni tó fi í kò bá ha ìpẹtà kúrò lójú irin kó tó fi gọ́ọ̀mù sí i, gọ́ọ̀mù náà yóò yọ lára irin lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ìkarùn-ún ni ojúpọ̀ irin òrùlé, lábẹ́ rọ́bà dúdú gígùn méjì tó wà lórí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó wà nínú ojúpọ̀ yìí máa ń sán bí oòrùn bá ti pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú òpó ni omi rẹ̀ sì ń gbà, tó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa rí i.

Ti búùtù ni ìkẹfà. Omi lè gba rọ́bà ẹ̀yìn iná, ẹsẹ̀ ẹ́ríà, rọ́bà etí búùtù, tàbí ihò afẹ́fẹ́ onílẹ̀kùn pẹlẹbẹ tó fara pamọ́ sẹ́yìn bọ́ńpà. Kòtò táyà àfikún ni gbogbo rẹ̀ yóò lọ dúró sí. Mọ́tò tí wọ́n bá ti kọlù látẹ̀yìn rí ni irú èyí wọ́pọ̀ lára rẹ̀ jù.

Ìkeje ni ihò tí ọwọ́ èèyàn lu. Rẹwáyà tó fi fèrè olè, rédíò tàbí iná àfikún lè lu irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dáṣíbọ́ọ̀dù, kó fa wáyà kọjá, kó má sì fi rọ́bà dí i. Omi yóò tọ wáyà náà wọlé bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà.

Bí wọ́n ṣe ń wá a

Iṣẹ́ yìí kò gba ju èèyàn méjì, tọ́ọ̀ṣì, garawa omi tàbí rọ́bà omi, àtíkè díẹ̀ àti sùúrù. Ohun àkọ́kọ́ ni kí inú mọ́tò gbẹ. Ìwádìí kò ṣeé ṣe nínú mọ́tò tó ṣì rin. Kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí wọ́n fún omi inú fóòmù dànù, kí wọ́n sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Kí wọ́n yọ pátákó etí ilẹ̀kùn àti ti búùtù, kí irin hàn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ìjókòó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kó sì dúró díẹ̀, torí wáyà tó ní àwọ̀ yẹ́lò lábẹ́ ìjókòó sábà máa ń jẹ́ ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani lọ́wọ́ ìjàǹbá. Kì í ṣe wáyà téèyàn ń fi ṣeré.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbọn àtíkè tàbí kí wọ́n tẹ́ bébà gbígbẹ sí gbogbo ojú irin tó hàn. Bí omi bá kọjá lórí àtíkè, ojú ọ̀nà rẹ̀ yóò hàn kedere bí ipa ejò lórí iyẹ̀pẹ̀.

Kí wọ́n gbé mọ́tò síbi tó jọ ibi tó máa ń sùn. Mọ́tò tó ń sùn lórí òkè pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, tí imú rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, lè máa jò níwájú, kó má sì jò rárá bí ilẹ̀ bá tẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ni kì í yọrí sí nǹkan kan torí pé ilẹ̀ tẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ilẹ̀ kò sì tẹ́ nílé onímọ́tò.

Ẹnì kan yóò wọ inú mọ́tò tòun ti tọ́ọ̀ṣì, wọn yóò ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹnì kejì yóò máa da omi níta. Ìsàlẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àárín rẹ̀, ẹsẹ̀ gíláàsì, gọ́tà abẹ́ wáípà, etí wínsíkírìn, kó tó kan òrùlé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ látorí òrùlé, omi yóò ṣàn kan gbogbo ara, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ èwo ló wọlé. Kí omi máa rọra ṣàn bí òjò, kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú kan kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tu omi tipátipá nílé ìfọmọ́tò kò wúlò fún èyí, torí yóò ti omi gba ibi tí òjò kò lè gbà láéláé.

Ti búùtù náà bákan náà ni, àmọ́ kí ẹni tó máa wọ inú rẹ̀ rí i dájú pé ìjókòó ẹ̀yìn ti wà ní títú tàbí ní kíká, kó lè jáde fúnra rẹ̀. Kí wọ́n má sì ṣe fi ọmọdé síbẹ̀ láé.

Bí omi kò bá fi ojú ọ̀nà rẹ̀ hàn, ọgbọ́n kejì wà. Kí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn àti gíláàsì, kí wọ́n tan fáànù inú mọ́tò dé òpin, kó máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta. Kí wọ́n wá fi omi ọṣẹ pa etí wínsíkírìn, etí ilẹ̀kùn àti ojúpọ̀ òrùlé. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde, omi náà sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ti rọ́bà ilẹ̀kùn, bébà pélébé kan ti tó. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ bébà náà, kí wọ́n sì fà á. Bó bá ń fà lé, rọ́bà ṣì dáa níbẹ̀. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ti pẹlẹbẹ tàbí kí ilẹ̀kùn ti wọ́.

Àtúnṣe kò tó ohun téèyàn ń rò

Bí ojú ọ̀nà omi bá ti hàn, iṣẹ́ tó kù sábà máa ń kéré. Ihò ilẹ̀kùn tó dí, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń là á. Gọ́tà abẹ́ wáípà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó ewé inú rẹ̀. Rọ́bà òrùlé tó ń ṣí, okùn ike tó rọ̀ ni kí wọ́n tì í bọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n wá da omi ife kan sí i láti wò ó bóyá yóò jáde sábẹ́ mọ́tò. Kí wọ́n má fi ẹ̀rọ tí fọ́kànáísà fi ń fẹ́ táyà fẹ́ ẹ, torí agbára afẹ́fẹ́ yẹn lè já rọ́bà náà kúrò lẹ́nu àwo, kí ọ̀rọ̀ wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Náílọ̀nù ilẹ̀kùn tó ya, wọ́n lè gé tuntun tó nípọn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú irin tí wọ́n ti nù mọ́.

Ọ̀rọ̀ sílíkónì gba àkíyèsí. Èyí tó ń rùn kíkan bí ọtí kíkan nígbà tí wọ́n bá fún un jáde kò dáa fún ojú irin tó ti bó lọ́dà, torí ohun kíkan inú rẹ̀ máa ń mú irin dípẹtà. Yàtọ̀ síyẹn, gọ́ọ̀mù tuntun kì í fẹ́ẹ́ lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n bá ti fi sílíkónì kùn rí. Èyí túmọ̀ sí pé sílíkónì tí wọ́n fi kùn láìwádìí, àtúnṣe gidi tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń bà jẹ́. Bó bá jẹ́ wínsíkírìn ló ń jò, yíyọ ọ́ kúrò, híha ìpẹtà dànù àti fífi gọ́ọ̀mù mọ́tò gan-an tò ó padà ni ojúlówó iṣẹ́, kí mọ́tò sì dúró fún ìwọ̀n wákàtí tí wọ́n kọ sára gọ́ọ̀mù náà kó tó jáde.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n tún da omi sí ojú kan náà. Bí àtíkè bá ṣì gbẹ, ìgbà náà ni kí wọ́n kùn ibi tó ti dípẹtà lọ́dà, kí wọ́n dá kápẹ́ẹ̀tì padà, kí onímọ́tò sì sanwó iṣẹ́. Ẹni tó bá sanwó kó tó rí ìdánwò yìí, ìlérí ló rà.

Ẹni tó fẹ́ẹ́ ra mọ́tò náà

Ohun kan náà tó ń ran onímọ́tò lọ́wọ́ ló ń ran ẹni tó fẹ́ẹ́ rà lọ́wọ́. Mọ́tò tó ń jò yàtọ̀ sí mọ́tò tó ti mu ẹ̀kún omi, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á lè pe ìkejì ní ìkíní. Ìjì líle Katrina lọ́dún 2005, Sandy lọ́dún 2012 àti Harvey lọ́dún 2017 mú kí ọ̀kẹ́ àìmọye mọ́tò rì sínú omi ní Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń wá.

Kí olùrà fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Bí ẹrẹ̀ tàbí ìlà omi bá wà lára apá tó máa ń wà nínú, mọ́tò náà ti rì rí. Kí ó wo ìdí nọ́ọ̀tì ìjókòó àti irin abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò yẹ kí wọ́n dípẹtà. Kí ó gbé táyà àfikún kúrò nínú kòtò rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì gbóòórùn inú mọ́tò kí wọ́n tó ṣí gíláàsì rẹ̀. Lọ́fíńdà tó bá pọ̀ jù nínú mọ́tò, ó yẹ kó kọ olùrà lóminú.

Bó bá jẹ́ jíjò lásán ni, kò pọndandan kí olùrà sá. Ó lè jẹ́ àǹfààní fún ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà omi, torí iye tí wọn yóò bá a yọ lórí mọ́tò tó ń rùn lè ju owó tí yóò fi tún un ṣe lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá ti ń tàn tó ń kú fúnra rẹ̀, omi ti dé bíréènì bọ́ọ̀sì nìyẹn, ìdúnàádúrà náà sì ti yàtọ̀.

Àkókò tó dára jù láti ṣe gbogbo èyí ni ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, kí òjò tó mú ilẹ̀ lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, tàbí ìgbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Kí wọ́n kó ewé abẹ́ wáípà, kí wọ́n la ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì gbé táyà àfikún wò. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, kò sì gba owó. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa, bó sì ṣe ń ṣe sí èèyàn náà ló ń ṣe sí mọ́tò tí ihò rẹ̀ bá ti dí.